Orúkọ Lẹ́yìn Ìpàkọ́: Àgbéyẹ̀wò Àwòrán Irun J. D. 'Okhai Ojeikere

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à á rí, ẹni ẹlẹ́ni ni í rí tẹni. Bí òwe yìí bá bá iṣẹ́ ọnà kan mu, iṣẹ́ ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere ni. Láti ọdún 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ Nàìjíríà, àwòrán náà sì tó ẹgbẹ̀rún kan kí ó tó papò dà ní ọdún 2014. Nínú èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ìpàkọ́ ni ó yà. Ojú kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí wọn lè rò pé ilé gogoro, èso igi tàbí nǹkan àràmàǹdà mìíràn ni òun ń wò, kí ó tó fura pé orí ènìyàn ni.

Ìyàlẹ́nu yìí ni ọ̀pọ̀ òǹwòran ń gbà bí ẹni pé òun ni gbogbo ìtumọ̀ àwòrán náà. Wọ́n á ní ère ni irun yìí, wọ́n á yin bí ó ṣe dúró, wọ́n á sì kọjá sí èyí tí ó kàn. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìdajì iṣẹ́ ni ìyẹn. Irun Yorùbá ní orúkọ, orúkọ náà sì ni ìdajì kejì àwòrán. Ẹni tí ó wo àwòrán láìmọ orúkọ rí ìrísí, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ojú Ayàwòrán

Ọdún 1930 ni wọ́n bí Ojeikere ní Ovbiomu-Emai, ní ilẹ̀ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ìlú Yorùbá ni ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1954, ó wà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ètò ìròyìn ní Ìbàdàn, níbi tí ó ti ń ṣèrànwọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Ní ọdún 1961, ó di ayàwòrán fún ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn Ìbàdàn. Ní ọdún 1963, ó kọjá sí Èkó, ó ń ya àwòrán fún ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà. Ọdún 1967 ni ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tí ó ń gbé iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà lárugẹ, iṣẹ́ irun sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Àsìkò yìí kan náà ni àwọn ilé ńláńlá ń yọrí ní ìlú. Ọdún 1965 ni wọ́n parí Ilé Koko, alájà 26, ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Ojeikere ya àwòrán àwọn ilé ìgbàlódé pẹ̀lú. Nítorí náà, ojú tí ó fi wo irun kì í ṣe ojú tí kò mọ ilé. Ó gbé orí síwájú ibi tí kò ní ọnà kankan, ó mú ọjà, àgbàlá àti ìjókòó onídìrí kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lo àwọ̀ dúdú àti funfun nìkan. Bí ohun tí ènìyàn lè fi díwọ̀n bí irun náà ti tóbi tó ṣe kúrò nìyẹn. Òwú dúdú tí wọ́n fi kó irun wá dà bí irin ìkọ́lé. Ojú ìlà tí wọ́n là sí orí wá dà bí òpópónà. Ọgbọ́n tí akéwì máa ń dá nìyí: ó ń sọ ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ di àjèjì, kí wọ́n lè tún un wò.

Ẹnìkan lè jiyàn pé ẹni tí kò ní ojú nínú àwòrán ti sọ ipò ènìyàn nù. Àríyànjiyàn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n òwe tí ó ṣáájú dá a lóhùn díẹ̀. Obìnrin tí wọ́n dirun fún kò lè rí ìpàkọ́ ara rẹ̀. Nítorí ojú ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe ń pa ọnà sí ibẹ̀. Ayàwòrán gba ipò ẹni ẹlẹ́ni tí ó ń rí tẹni, ó sì ṣe é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lójú Yorùbá, orí ni olórí ara. Ẹni tí ó tún orí ṣe kò rẹ ẹni tí ó ni ín sílẹ̀.

Gírámà Orúkọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù ni orúkọ tí irun ń jẹ́. Bí ènìyàn bá fi ojú ìmọ̀ gírámà wo àwọn orúkọ àtijọ́, yóò rí i pé oríṣiríṣi ìhun ni wọ́n ní. Àpólà orúkọ ni ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Gbólóhùn ìyísódì ni ó wà nídìí kọ̀lẹ́sẹ̀, ìyẹn "kò ní ẹsẹ̀". Àpólà ìṣe ni ó bí panumọ́ àti pàtẹ́wọ́. Ara ènìyàn àti ara ẹran ni àfiwé wọn ti wá.

Nígbà tí ó yá, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú irun. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970, irun kan wà tí ó ń jẹ́ Ogun Parí. Òmíràn ń jẹ́ Afárá Èkó. Bí orúkọ àbísọ ṣe ń pa ìṣẹ̀lẹ̀ inú ilé mọ́ ni àwọn wọ̀nyí ń pa ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìlú mọ́. Èyí fi hàn pé orí obìnrin jẹ́ ìwé ìtàn kan tí ìyá àti ọmọ jọ ń kà lójú pópó.

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù ni àwòrán ọdún 1975 tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ Onile Gogoro Or Akaba. Irun kíkó ni, ó sì dìde lórí bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Orúkọ méjì ni ó jẹ́, ìtumọ̀ wọn kò sì dọ́gba. "Onílé gogoro" kò pe irun ní ilé. Mọ́fíìmù "oní-" sọ ẹni tí ó ru irun di ẹni tí ó ni ilé. "Àkàbà" ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí ohun tí ènìyàn fi ń gòkè. Èkíní sọ̀rọ̀ nípa níní, èkejì sọ̀rọ̀ nípa gígùn. Obìnrin tí kò ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan láyé lè ru ọ̀kan lọ sí òde àríyá, kí àwọn tí ó bá rí i sì mọ̀ bóyá dúkìá ni ó ń fi yangàn tàbí ìrètí. Àwòrán nìkan kò lè sọ èyí.

Àléébù

Iṣẹ́ yìí ti rìn jìnnà. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Paris ní ọdún 2000, ní Kassel ní ọdún 2007 àti ní Venice ní ọdún 2013. Bí ó ti ń rìn, orúkọ ń gbọgbẹ́. Àkọlé tí kò ní àmì ohùn kò lè dá dúró níwájú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Bí ènìyàn bá kọ "kiko" lásán, ta ni yóò mọ̀ bóyá kíkó irun ni, tàbí kíkọ ìwé, tàbí kíkọ́ ilé?

Àléébù kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ ayàwòrán wà, orúkọ irun wà lára díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ onídìrí kò sí. Ẹni tí ó fi ọwọ́, òòyà àti òwú kọ́ ilé gogoro náà ti pòórá. Kò yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè yára dá ayàwòrán lẹ́jọ́ lórí èyí, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà wà nínú agboolé tiwọn. Mélòó nínú ewì alohùn tí ó wà nínú ìwé ni ó dárúkọ ẹni tí ó kì í? "Àwọn baba wa" ni wọ́n ń kọ, bí ẹni pé ewì kò ní ẹnu kan pàtó tí ó ti jáde.

Ìgúnlẹ̀

Irun kì í pẹ́ lórí; láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn a tú u. Ojeikere mú kí ohun tí kì í tọ́jọ́ tọ́jọ́, ìyìn sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lè ya orúkọ. Àwọn onídìrí tí ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe irun kan ní Ogun Parí tàbí Onílé Gogoro ti ń dàgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lè mú àwòrán wọ̀nyí tọ̀ wọ́n lọ, kí ó béèrè orúkọ irun, kí ó fi àmì ohùn sí i, kí ó sì kọ orúkọ onídìrí fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Gbogbo ayé ti wo ilé tí ó wà nínú àwòrán wọ̀nyí. Orúkọ ni ó kù.