Orúkọ Ilé Kò Tó Ìtàn

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni àwọn tí ń kọ ìtàn ìgbésí ayé olóṣèlú tí ó ti ìdílé ńlá wá gùn lé: wọn a ka orúkọ baba, wọn a to oyè àti ipò, ìtàn sì parí. Èrò tèmi ni pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò tó. Ẹ jẹ́ kí a fi Ọmọ Ọba Adélékè Adédoyin ti Ṣàgámù yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilé rẹ̀ kò kéré. Baba rẹ̀, Ọba William Christopher Adédoyin, jẹ Akarigbo láti 1916 títí di 1952; ní ìgbà rẹ̀ ni Rẹ́mọ bọ́ kúrò lábẹ́ àkóso Ìjẹ̀bú-Òde ní 1938. Ọmọ di agbẹjọ́rò. Ní 1947, àwọn ará Èkó, tí kì í ṣe ọmọ abẹ́ Akarigbo, dìbò yan òun, Azikiwe àti Ọlọ́runnímbẹ sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ NNDP, tí ó jẹ́ ara NCNC. Ní ọdún náà, ó wà nínú àwọn méje tí NCNC rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti tako òfin ìṣèjọba Gómìnà Richards.

Ọ̀ràn méjì ni ìtàn oníyìn kì í fẹ́ dúró lé lórí. Èkíní ṣẹlẹ̀ ní January 1952. Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ni yóò yan ẹni méjì láti Èkó lọ sí Ilé Aṣojú ní Èkó. Ẹgbẹ́ fẹ́ kí Azikiwe lọ, ṣùgbọ́n Adédoyin àti Ọlọ́runnímbẹ kò yẹ̀ fún un. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tí ó pọ̀ jù nínú Ilé, sì yan àwọn méjèèjì.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní May 1962, nígbà tí Adédoyin jẹ́ Olórí Ilé Aṣòfin náà. Lẹ́yìn tí àwọn aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé, Gómìnà yọ Akíntọ́lá nípò. Akíntọ́lá bẹ̀bẹ̀ pé kí Ilé jókòó kí a lè dìbò. Olórí Ilé kọ̀. Nígbà tí Ilé jókòó ní 25 May láti fi ọwọ́ sí Adégbénró, ìjà bẹ́, àga ń fò, ọlọ́pàá yin tajútajú. Ní 29 May ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì.

Mo lè gbè é lẹ́yìn nínú ọ̀ràn àkọ́kọ́: àwọn olùdìbò ni wọ́n fún un ní ipò, kì í ṣe olórí ẹgbẹ́. Nínú èkejì, n kò lè gbè é. Lóòótọ́, ní 1963 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù dá Adégbénró láre pé ìwé àwọn aṣòfin tó fún Gómìnà láti ṣe ohun tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n àga Olórí Ilé jẹ́ ti gbogbo aṣòfin. Ẹni tí ó jókòó lé e kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó ní kí a dìbò.

Oríkì wa kì í fi àbùkù pamọ́. Ó ń yin, ó sì ń bú. Ìtàn àwọn ọmọ ilé ńlá yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ibi tí wọn yóò ti kọ́gbọ́n.