Ara Wo Ni A Kò Mọ̀ Yàtọ̀? Àgbéyẹ̀wò Ìwàásù Wa Lórí Kọ́ríńtì Kìíní 11:17–34

Bí ọjọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa bá pé, oríṣi ìwàásù méjì ni a sábà máa ń gbọ́ nínú àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì wa. Èkíní ń kìlọ̀ pé kí ẹni tó ní ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ má ṣe fọwọ́ kan ife náà, kí ó má baà kú. Èkejì ń kéde pé ìwòsàn wà nínú oúnjẹ náà, pé kò sí àìsàn tí yóò dúró bí a bá fi ìgbàgbọ́ jẹ ẹ́. Orí ẹsẹ 27 sí 30 ni ìwàásù méjèèjì dúró lé. Ṣùgbọ́n ìwàásù méjèèjì fo ohun tí Pọ́ọ̀lù ń bá wí gan-an, àwọn aláìní inú ìjọ ni ó sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 17. Ìlú òwò ni Kọ́ríńtì, èyí tí Julius Caesar tún tẹ̀ dó ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi. Olówó wà nínú ìjọ ibẹ̀, ẹrú náà sì wà níbẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ti ń pàdé, oúnjẹ gidi tí ń yóni ni wọ́n sì ń jẹ pọ̀ mọ́ àkàrà àti ife Olúwa. Ẹsẹ 21 àti 22 jẹ́ kí a mọ ohun tó bàjẹ́: àwọn kan ti jẹ tiwọn ṣáájú, ebi ń pa ẹnìkan, ọtí ń pa ẹlòmíràn, ojú sì ń ti àwọn tí kò ní. Àwọn baba wa ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù le ju èyí lọ. Ní ẹsẹ 20, ó ní ohun tí wọ́n ń jẹ kì í ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa rárá. Kò sọ pé wọn kò gbàdúrà tàbí pé wọn kò bu àkàrà; bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ara wọn ló sọ oúnjẹ náà di nǹkan mìíràn.

Èyí ni yóò ràn wá lọ́wọ́ láti lóye ọ̀rọ̀ náà, "láìyẹ", ní ẹsẹ 27. Bí ènìyàn ṣe ń jẹun ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ, kì í ṣe irú ẹni tí ó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó yẹ nìkan ló lè jẹ ẹ́, ta ni ìbá jẹ ẹ́ nínú wa? Ẹsẹ 28 pàápàá kò ní kí ẹni tó yẹ ara rẹ̀ wò padà sílé. Ó ní kí ó yẹ ara rẹ̀ wò, kí ó sì jẹ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "ara" ní ẹsẹ 29. Nínú Bíbélì tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, "ara Olúwa" ni a ń kà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì tó pẹ́ jù lọ, bíi Sinaiticus àti Vaticanus, "ara" nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ara Kristi tí a kàn mọ́ àgbélébùú ni Pọ́ọ̀lù ní lọ́kàn. Àwọn mìíràn ní ìjọ ni. A kò gbọdọ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí Pọ́ọ̀lù ti so wọ́n pọ̀ ní 10:16–17: ìdàpọ̀ pẹ̀lú ara Kristi ni àkàrà tí a ń bù, àwa tí a pọ̀ sì jẹ́ ara kan nítorí pé àkàrà kan ni. Ẹ tún wo oògùn tí ó kọ ní ẹsẹ 33. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ni ó ń bá wí, ìbá ní kí wọ́n lọ jẹ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé kí wọ́n máa dúró de ara wọn.

Ti ìwòsàn ńkọ́? A kò sẹ́ pé Olúwa ń wonisàn níbi tábìlì rẹ̀. Ẹsẹ 30 fúnra rẹ̀ so àìsàn àti ikú mọ́ tábìlì náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wàásù ìwòsàn láti inú ẹsẹ 30 gbọ́dọ̀ wàásù ohun tó fa àìsàn náà pẹ̀lú. Ohun náà ni pé àwọn ará gbàgbé ará wọn. Nígbà tí onígbàgbọ́ bá ń gbé ìgò "ẹ̀jẹ̀ Jésù" lọ sílé láti máa dá mu ní òru, ó ti sọ àjọjẹ di àgúnmu.

Ìjọ àtijọ́ mọ ọ̀nà mìíràn. Justin Martyr, tó kọ̀wé ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 155, ṣàlàyé pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín oúnjẹ náà, àwọn díákónì a gbé ìpín àwọn tí kò lè wá lọ fún wọn. Níbi ìpàdé kan náà ni àwọn tó ní ti ń mú owó wá, tí alága sì ń fi í ṣètọ́jú àwọn ọmọ òrukàn, opó, aláìsàn, ẹlẹ́wọ̀n àti àlejò. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ lójú wọn.

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra fún ìyàsímímọ́, iṣẹ́ wa kò le láti mọ̀. Kí a tó súre sí àkàrà, ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí kò sí níbẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Ọlọ́dẹ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi àti ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́, ta ni yóò gbé ìpín wọn lọ fún wọn? Díákónì méjì tí wọn kì í kí ara wọn, ta ni yóò pè wọ́n jókòó kí ife tó dé ọ̀dọ̀ wọn? Kí a sì ya ọrẹ kan sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà fún àwọn tí kò ní ohun tí wọn yóò sè bí wọ́n bá délé. Bí a bá gbàdúrà tó gbóná lórí àkàrà, tí a kò sì mọ̀ pé ebi ń pa ẹni tó jókòó lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ẹsẹ 20 kan àwa náà: Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kọ́ ni a jẹ.