Ìlù tí wọ́n pa ohùn rẹ̀ dà nínú àkójọ ZZ Top

Ẹ fetí sí ìbẹ̀rẹ̀ "La Grange", orin tí ZZ Top, ọkùnrin mẹ́ta láti Texas, gbé jáde lórí àwo Tres Hombres ní 1973. Gìtá Billy Gibbons ń kùn bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. Frank Beard kò tíì lu awọ. Etí ìlù ló ń fi igi kàn, kọ́-kọ́-kọ́, ohùn gbígbẹ tí kò bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà. Nígbà tí ìlù bá wá já wọ inú orin, tí béèsì Dusty Hill gbè é lẹ́sẹ̀, ara olùgbọ́ ti ń yún un tipẹ́. Inú àlàfo yẹn ni ọnà orin náà wà: èyí tí wọn ò lù ló mú kí èyí tí wọ́n lù dùn.

Ní 1987, nígbà tí sídì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbapò lọ́wọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n kó àwo mẹ́fà ẹgbẹ́ náà jọ sínú sídì mẹ́ta, wọ́n sọ ọ́ ní The ZZ Top Sixpack. Degüello ti 1979 kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé kí wọ́n tó kó wọn jọ, wọ́n ti tún ohùn márùn-ún nínú wọn pò. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Eliminator ti 1983, tó kún fún ìlù ẹ̀rọ àti dùùrù oníná, ti tà lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fẹ́ kí orin àtijọ́ máa dún bí ọmọ ìyá rẹ̀.

Bí ìlù Beard ṣe wọ gbohùngbohùn nìyẹn. Ìlù snare tó ń dún pàá tẹ́lẹ̀, tí yóò sì dákẹ́, ń dún báyìí bí ilẹ̀kùn irin tí ìjì gbá dé nínú gbọ̀ngàn òfìfo, ìró rẹ̀ sì ń wọ́ títí èyí tó tẹ̀lé e yóò fi bá a níbẹ̀. Àlàfo ti kún. Ó dà bíi pé onílù kan ti fi ìyáàlù kí ọba tán ní 1973. Ní ọdún 14 lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn wá fi bẹ̀ǹbẹ́ bo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Wọ́n lè ní olórin ló ni orin, bó bá wù ú kó tún un ṣe. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ni wọ́n fi tà á, àkójọ sì ni wọ́n pè é. Ẹ wá wo èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: àwo kẹfà, El Loco ti 1981, wọn ò fọwọ́ kan án. Nínú àkójọ kan náà, orin 1971 ń dún bí ọmọ àná, ti 1981 sì ń dún bí àgbà; ẹ̀gbọ́n wọ ẹ̀wù tí àbúrò ò tíì rí.

Ìyẹn ì bá mọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnpò yìí náà ni wọ́n ń tà nígbà tí wọ́n ṣe àwọn àwo náà ní sídì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó di 2006 kí Tres Hombres àti Fandango! tó padà bọ̀ sórí sídì pẹ̀lú ohùn wọn àtètèkọ́ṣe. ZZ Top's First Album, Rio Grande Mud àti Tejas dúró di 2013. Ọmọ tó ra sídì láàárín ìgbà náà lè mọ "La Grange" lórí, kó má sì mọ ohùn ìlù rẹ̀. Èmi padà sídìí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó ti ha, abẹ́rẹ́ ń kùn lórí rẹ̀ bí epo gbígbóná, ṣùgbọ́n lábẹ́ kíkùn náà igi ṣì ń kan etí ìlù, kọ́-kọ́-kọ́.