Ìkíni Ẹnu Ọ̀nà Kọ̀ǹpútà

Ìkíni ni àlejò fi ń mọ irú ilé tí ó wọ̀. Bí ó bá ti fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìloro, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí onílé bá sọ ni yóò fi mọ̀ bóyá àyè ìjókòó wà fún òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ẹni tí ó bá wọ inú kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò. Lẹ́yìn tí ó bá ti tẹ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, ètò tí ń darí ẹ̀rọ náà a gbé ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ síwájú rẹ̀ kí ó tó dákẹ́ láti gba àṣẹ. Inú fáìlì kan tí ń jẹ́ motd ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ̀rọ̀ náà sí. Ohun kékeré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni, ó sì yẹ ní dídá lẹ́jọ́ bí iṣẹ́ òǹkọ̀wé.

Àṣà náà ti pẹ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe CTSS, ètò tí wọ́n kọ́kọ́ fi han ayé ní ọdún 1961, tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ kan láàárín àwọn ọdún 1960, alábòójútó kan ń tún ìkíni kọ, òmíràn sì ń tún ìwé ọ̀rọ̀ àṣírí kọ. Irinṣẹ́ ìkọ̀wé tí wọ́n ń lò kò ya iṣẹ́ àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Fáìlì kan bọ́ sí ipò èkejì. Gbogbo ẹni tí ó wọlé ni ó bá ọ̀rọ̀ àṣírí gbogbo ènìyàn níbi tí ó yẹ kí ìkíni wà! Fernando Corbató, aṣáájú àwọn tí ó ṣe ètò náà, ni ó sọ ìtàn yìí lẹ́yìn náà. Ó fi hàn pé ibẹ̀ ni ojú gbogbo olùlò ń kọ́kọ́ bà.

Kí òǹkàwé kọ́kọ́ wo ìkíni Debian. Ó sọ pé òmìnira wà lórí àwọn ètò inú rẹ̀, ó tọ́ka sí ibi tí àdéhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, lẹ́yìn náà ó fi lẹ́tà ńláńlá kéde pé kò sí onígbọ̀wọ́ rárá, níwọ̀n bí òfin bá ti gbà á láyè. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹni tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ta ayé lọ́rẹ kò fẹ́ kí wọ́n pe òun lẹ́jọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lọ́yà ni. Àlejò dé, onílé ní bí àga bá wó, ẹjọ́ òun kọ́.

Ti FreeBSD ni ó súnmọ́ ìkíni ọmọlúàbí jù lọ. Lẹ́yìn káàbọ̀, ó tọ́ka sí àlàyé nípa ẹ̀dà náà, sí ìkìlọ̀ ààbò, àti sí ìwé atọ́nà rẹ̀ ńlá. Lẹ́yìn èyí ni ó wá kan ibi tí ọgbọ́n wà. Ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè ìrànlọ́wọ́ tẹ àṣẹ tí ń fi ẹ̀dà ẹ̀rọ hàn, kí ó sì fi èsì rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí ó bá rí kún ìbéèrè rẹ̀. Ẹni tí ó kọ gbólóhùn yìí mọ ọ̀gbẹ̀rì dáadáa. Ó mọ̀ pé “kò ṣiṣẹ́” ni ọ̀gbẹ̀rì máa ń sọ, kì í sọ ohun tí kò ṣiṣẹ́. Ó tún mọ̀ pé ẹni tí kò ṣí ìwé atọ́nà rí kò lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, ni ó bá kọ àṣẹ man man síbẹ̀, èyí tí ń ṣí ìwé tí ó ṣàlàyé àwọn ìwé yòókù. Àṣẹ man hier tẹ̀lé e, fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí yàrá inú ilé ṣe tò. Níkẹyìn ó sọ bí wọ́n ṣe lè yí ìkíni náà padà, kódà sí èdè Yorùbá. (Ojú ìkọ̀wé Linux lásán kò gbà ju àwòrán lẹ́tà 512 lọ, nítorí náà kí akọ̀wé ṣọ́ àmì ohùn rẹ̀ níbẹ̀.) Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ẹni tí ó ti ń lò ó fún ọdún mẹ́wàá ṣì ń gba ìtọ́ni àkọ́wọlé. Ẹ kú àbọ̀ kò jọ ẹ kú iṣẹ́.

Ubuntu ti sáfà gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ètò kéékèèké ni ń kó ìkíni rẹ̀ jọ: bí iṣẹ́ ṣe wọ ẹ̀rọ lọ́rùn tó, iye díísìkì tí wọ́n ti lò, iye àtúnṣe tí ń dúró. Èyí wúlò fún alábòójútó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017, ìròyìn láti ọ̀dọ̀ Canonical, ilé-iṣẹ́ tí ó ni Ubuntu, wọ àárín rẹ̀. Àwọn ènìyàn sì bá ìtọ́ka sí àròkọ kan nípa eré tẹlifíṣàn Silicon Valley lójú sáfà wọn. Inú bí wọn, ó sì tọ́ kí ó bí wọn. Ta ni í lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ìloro onílé láìtọrọ àyè? Òótọ́ ni pé ẹni tí kò bá fẹ́ ìròyìn náà lè pa á, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ fáìlì tí yóò ṣí.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ju ìbínú lọ. Nísàlẹ̀ ìkíni kan náà ni ìlà tí ó ní kí wọ́n tún ẹ̀rọ tàn máa ń wà. Ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé àtúnṣe ààbò ti dé inú díísìkì, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni ẹ̀rọ ṣì ń lò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlà tí ń sọ ọjọ́ tí olùlò wọlé kẹ́yìn àti ibi tí ó ti wọlé. Bí olùlò bá ti sùn lálẹ́ àná, tí ìlà náà sì ní ó wọlé ní òru láti ibi tí kò dé rí, ó ti mọ̀ pé olè ti mú kọ́kọ́rọ́ òun. Kò sí ohun tí ó níye lórí tó ìlà kan yìí nínú gbogbo ìkíni náà. Ojú tí ó ti mọ́ra láti fo ogún ìlà ìròyìn a máa fo òun náà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti rẹ̀ débi pé wọ́n fi fáìlì òfìfo kan tí ń jẹ́ .hushlogin sínú àpò wọn, kí ẹ̀rọ má baà kí wọn mọ́. Ẹ̀rọ a sì dákẹ́ lóòótọ́, ti òun ti ìlà ìwọlé ìkẹyìn náà.