Ewì Inú Fọ́tò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ní ìkànnì tara ẹ̀ kì í gbé ewì síbẹ̀, fọ́tò ewì ló ń gbé síbẹ̀. A ó tẹ ewì tán, a ó fi òdòdó yí i ká, a ó sọ gbogbo ẹ̀ di àwòrán. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Àmọ́ afọ́jú tí fóònù ẹ̀ ń bá a kàwé sókè kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ dátà lò nínú dánfó Agége náà á dúró títí kí òdòdó tó jáde.

Àwáwí wa ni pé kọ̀ǹpútà kì í gba àmì ohùn. Ṣebí òótọ́ ni, nígbà kan. Font àkànṣe ni wọ́n ń lò nígbà náà. Tí ẹni tó ń kà á kò bá ní irú font yẹn, jágbajàgba ló máa rí. Unicode ti yanjú ìyẹn: ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ibi tó ṣì le díẹ̀ ni ẹ́ àti ọ̀. Àwọn kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ló ń ṣáájú, àmì ohùn á wá tẹ̀ lé e. Font tí kò dáa á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà tó fẹ́ jábọ́. Ẹ pààrọ̀ font, ó tán.

Ìkejì tó ń bí mi nínú: ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkẹjà ṣe ìkànnì fún ọ̀rẹ́ mi, ewì Yorùbá ló kún un, wọ́n wá kọ lang="en" sórí ẹ̀. Ẹ̀rọ akàwé á fi ohùn òyìnbó ka igbá, igba, ìgbà, igbà àti ìgbá. Kí ló kù nínú ewì náà? lang="yo" ló yẹ kí wọ́n kọ, pẹ̀lú charset="utf-8". Ìlà méjì péré, Notepad sì tó o kọ.

Ẹnì kan sọ fún mi pé akéwì kì í tẹ̀ lé ìlànà. Àbí? Ìlànà la fi ń kọ Yorùbá fúnra ẹ̀. Ní 1875 ni àwọn CMS pàdé l'Ékòó lórí bí a ó ṣe máa kọ ọ́. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tó sọ aiye di ayé, tó sọ enia di ènìyàn. (Ó ku pátákó Oshodi!) Ìjálá ní ohùn tiẹ̀, ẹ̀sà ní tiẹ̀, kò sì dí ọlọ́gbọ́n lọ́wọ́.

Ìkànnì kan ṣoṣo ló yege lójú mi nínú ẹgbẹ́ wa. Funfun àti dúdú ni, kò sí òdòdó. Mo fi í sí ẹ̀rọ ayẹ̀wò ọ̀fẹ́ ti W3C, kò rí àṣìṣe kankan. Mo ṣe copy ìlà mẹ́rin níbẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi l'Ágége, gbogbo àmì ohùn ló dé pé. Ìlà kẹta ewì náà ló gùn jù, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ kọ̀ǹpútà.