Ọwọ́ Tó ń Dìwé ní Ṣómólú

Ẹni tó bá ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tán, D. O. Fágúnwà ni yóò kan sáárá sí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a yà sí òpópónà Shipeolu ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láti àárọ̀ dalẹ́, kí a wo àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé di ohun tí ọwọ́ lè gbá mú.

Bébà fífẹ̀ kan ló kọ́kọ́ jáde lára ẹ̀rọ, ojú-ìwé 8 níwájú, 8 lẹ́yìn. Àjèjì yóò ní iṣẹ́ ti bàjẹ́: ojú-ìwé 1 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 16, 8 àti 9 sì dorí kodò lókè wọn. Obìnrin tó ń ká a kì í wo nọ́ńbà rárá. Á mú etí bá etí, á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin, á yí i, á tún ká a. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ojú-ìwé ti tò láti 1 dé 16. Ìwé olójú-ewé 160 gba ìdìpọ̀ mẹ́wàá irú rẹ̀. Wọ́n á tò wọ́n sórí tábìlì gígùn, wọ́n á máa rìn yí i ká, wọ́n á máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìdìpọ̀ kan bá fò pẹ́rẹ́n, ìtàn já láàárín nìyẹn, òǹkọ̀wé ni òǹkàwé yóò sì bú.

Èyí tó wù mí jù lọ kì í gba ìṣẹ́jú kan. Kí adìwé tó bẹ̀rẹ̀, á ya etí bébà díẹ̀ lóòró, á tún ya á níbùú. Ọ̀nà tó bá ti ya gbọnrangandan ni fọ́nrán bébà gbà lọ, ọ̀nà yẹn ló sì gbọ́dọ̀ bá eegun ẹ̀yìn ìwé lọ. Bí wọ́n bá ṣe é lódì, ìwé á takú mọ́ni lọ́wọ́, kò ní ṣí dáadáa, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ní pẹ́ já.

Àwọn òǹkọ̀wé kan mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé yìí látinú wá. Walt Whitman fúnra rẹ̀ to díẹ̀ nínú lẹ́tà ìwé Leaves of Grass ní Amẹ́ríkà ní 1855. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Virginia Woolf àti ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìtẹ̀wé tiwọn ní 1917, òun náà a sì máa fi ọwọ́ to lẹ́tà. L'Ékòó níbí, I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn náà láti 1929, kó tó di ìwé ní 1930.

Kò jìnnà sí Shipeolu, ní Bàrígà, ni CMS Grammar School wà. Ọdún 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún kan náà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn l'Ábẹ́òkúta. Ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jọ dàgbà ni nílẹ̀ wa.

Orúkọ òǹkọ̀wé máa ń wà níwájú ìwé, orúkọ ilé ìtẹ̀wé a sì wà nínú. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìwé jáde: àyè ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ká a àti ẹni tó dì í síbẹ̀.