Ọwọ́ Tó Ń Wọn Ẹsẹ̀ Eku

Ní 1989, Fionula Brennan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí i nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà láti oríkèé àwọn alárùn aromọléegun pé, bí wọ́n bá ti dí TNF lọ́wọ́, IL-1 náà á relẹ̀. Sáítókáìnì ni méjèèjì, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ó wá ku kí wọ́n dán an wò lára ohun ẹlẹ́mìí. Richard Williams, Marc Feldmann àti Ravinder Maini ti Kennedy Institute gbé èsì tiwọn lára eku jáde ní 1992. Gbogbo ayé ló ń yin èsì náà. Èmi, bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yẹn ló wù mí.

Kí oríkèé eku tó lè wú, wọ́n á po kọ́lájìn inú eegun rírọ̀ màlúù mọ́ òróró tí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ooru ti pa wà nínú rẹ̀. Ní tútù ni wọ́n ń pò ó, torí ooru ń ba kọ́lájìn jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ funfun, kó sì ki bí òrí. Ẹni tó mọṣẹ́ á kán ẹ̀kán kan sójú omi: tó bá tàn ká, kò tíì jinná, kó máa pò ó lọ. Ìdí ìrù ni wọ́n ń gún un sí.

Ó wá kan ṣíṣọ́. Ẹsẹ̀ àwọn eku náà kì í wú lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà wọ́n á máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọn bí ẹsẹ̀ ṣe nípọn tó, wọ́n á sì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì: òdo fún èyí tó dá ṣáṣá, 3 fún èyí tí oríkèé rẹ̀ ti gan. Akọ eku irú DBA/1 tí wọ́n ń lò kúndùn ìjà púpọ̀. Ojú ọ̀gbẹ̀rì á rí ibi tí èkejì ti gé e jẹ, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn ni.

Wọ́n fún àwọn eku kan ní áńtíbọ́dì tó ń dí TNF kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń lọ bá dókítà kí oríkèé tó dùn ún? Ibi tí mo ti ṣí fìlà fún wọn ni pé wọ́n tún dúró kí ẹsẹ̀ àwọn mìíràn wú ná, kí wọ́n tó gún wọn lábẹ́rẹ́. Wíwú yẹn sì dín kù. Nígbà tí wọ́n gé oríkèé pẹlẹbẹ tí wọ́n wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ìbàjẹ́ inú rẹ̀ náà dín kù.

Eku kì í kúkú ṣe èèyàn. Dídí IL-1 lọ́wọ́ tu eku lára gan-an, síbẹ̀ anakinra, oògùn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò lágbára tó àwọn oògùn TNF lára alárùn aromọléegun. Ní ti TNF, ọ̀rọ̀ bára mu. Ní 1992 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ogún aláìsàn ní infliximab, áńtíbọ́dì tó ń dí TNF, ní ilé ìwòsàn Charing Cross, tí àwọn dókítà ń fọwọ́ tẹ oríkèé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ka èyí tó ṣì wú.